Adeoye Lambo: Dókítà Tó Sọ Abúlé Di Ilé Ìwòsàn

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka wa tí wọn kò tíì fi Aró ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Bí ènìyàn bá dáhùn ìbéèrè sódì ní kíláàsì, wọ́n á ní kí wọ́n tètè bá a wá mọ́tò Abẹ́òkúta. Bí ẹnì kan bá ń dá sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ti ilé ìkàwé bọ̀ lóru, Aró náà ni wọ́n á ní ó ń lọ. Èmi náà ti sọ ọ́ sí ẹlòmíràn, wọ́n sì ti sọ ọ́ sí mi. Ẹ̀rín la máa ń rín, a ó sì bá iṣẹ́ wa lọ.

Ìgbà tí mo délé ní Ọ̀fà láti kó ọ̀rọ̀ jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi ni ẹ̀rín náà bọ́ lẹ́nu mi. Orúkọ tí àwọn àgbà ìlú wa ń pe oríṣiríṣi àìsàn ọpọlọ ni iṣẹ́ náà dá lé lórí. Màmá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 80. Wọ́n jókòó tì mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ń ṣàlàyé fún mi pé wèrè yàtọ̀ sí dìndìnrìn, pé abísínwín jẹ́ ti abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé wèrè aláṣọ pọ̀ láàárín ìlú ju èyí tó ń rìn ní ìhòòhò lọ. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Àfi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé àwọn náà ti gbé Aró rí.

Kì í ṣe àwọn ni ara wọn kò yá, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni. Nígbà náà wọn kò tíì lọ sílé ọkọ. Àwọn òbí wọn ní kí wọ́n tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, ó gba Òṣogbo àti Ìbàdàn kọjá, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n rò pé àwọn yóò fi ẹ̀gbọ́n àwọn sílẹ̀ níbẹ̀ ni, kí àwọn padà wálé. Ṣùgbọ́n wọn kò tì í mọ́lé. Yàrá kan ni wọ́n fi wọ̀ wọ́n sí ní abúlé tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn náà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá ń dáná, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀, wọ́n sì ń mú un padà wálé lọ́sàn-án. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn méjèèjì tún wọkọ̀ padà sí Ọ̀fà. Ẹ̀gbọ́n wọn fẹ́yàwó, ó bímọ, ó sì gbin ànàmọ́ títí ó fi darúgbó.

Mo bi wọ́n léèrè pé ta ló gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní dókítà ọ̀dọ́ kan ni, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti lọ sí ìlú òyìnbó dé. Orúkọ rẹ̀ ti fò wọ́n lórí. Orúkọ náà ni Thomas Adeoye Lambo, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a jọ gbọ́ lónìí, nítorí pé ó kan àwa tí a ń kọ́ nípa èdè ju bí a ṣe rò lọ.

Ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1923 ni wọ́n bí Lambo ní Abẹ́òkúta. Baptist Boys' High School ìlú náà ló lọ, ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí Olusegun Obasanjo àti M. K. O. Abiola gbà kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó rékọjá òkun lọ sí Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì parí rẹ̀ ní 1948. Ó fẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan níyàwó, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Ó padà wálé wá ṣiṣẹ́ dókítà ìjọba fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún padà lọ sí London láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní Institute of Psychiatry tó wà ní ilé ìwòsàn Maudsley. Ní ìgbà yẹn, ẹ̀ka ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ dókítà ń sá fún ni. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ abẹ tàbí ìgbẹ̀bí ni gbogbo ayé ń wárí fún. Ta ni yóò lọ sí London torí àtiwá máa tọ́jú wèrè?

Kí ó tó lè yé wa ohun tí ó bá nílé, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Ibi méjì ni ìjọba òyìnbó kọ́kọ́ ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí: Calabar, tí wọ́n ṣí ní 1904, àti Yaba ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1907. Àwọn ibi wọ̀nyí kì í ṣe ilé ìwòsàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Àhámọ́ ni wọ́n. Wọ́n ń kó ènìyàn sí ibẹ̀ kí ìgboro lè tòrò, kì í ṣe kí ara aláìsàn lè yá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1944, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú sí Lantoro ní Abẹ́òkúta. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Lantoro jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé láti Calabar dé Lantoro, ọ̀nà kan náà ni ìjọba ń tọ̀: ògiri, géètì àti ẹ̀ṣọ́.

Èyí tó tún burú ju ògiri lọ ni ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde láti ọwọ́ dókítà aláwọ̀ funfun kan, J. C. Carothers, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Kenya. Lójú Carothers, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀, débi pé ó fi ìwà ọmọ Áfíríkà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wé ti òyìnbó tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gé apá iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ó tún gbà pé àárẹ̀ ọkàn tó ń mú kí ènìyàn máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kí ayé sì sú u, kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ọtí lèyí o. Ìwé àjọ gbogbo ayé ni. Ọdún kejì tó tẹ̀ lé e ni Lambo gba iṣẹ́ ní Aró.

Ìjọba ti ń gbèrò láti kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí Aró, lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta. Nígbà tí Lambo gba àkóso rẹ̀ ní 1954, ilé náà kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó ti ìwé, kí ó máa kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kò sí yàrá, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Lambo wo àyíká rẹ̀, ó rí i pé abúlé wà nítòsí, ilé wà ní abúlé, ènìyàn sì wà nínú ilé. Ó lọ bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Nígbà tó yá, abúlé mẹ́rin tó yí ilé ìwòsàn ká ló wà nínú ètò náà.

Òfin kan ló gbé kalẹ̀ tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀. Ìbátan yìí ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ mú un bọ̀. Láàárọ̀, wọ́n á lọ sí ilé ìwòsàn gba ìtọ́jú. Ìtọ́jú òyìnbó ni Lambo ń lò níbẹ̀, ó ń fún wọn ní oògùn, ó sì ń lo iná mànàmáná fún àwọn tí àìsàn wọn nílò rẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n á padà sí abúlé. Níbẹ̀, aláìsàn lè bá àwọn èèyàn lọ sí oko, ó lè lọ sí ọjà, ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó lè jókòó sábẹ́ igi kí ó ta ayò. Ilé ìwòsàn náà sì bá abúlé ṣe omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbẹ́, àwọn onílé sì ń rí owó gbà. Àǹfààní kan àwọn méjèèjì.

Kí nìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Owó jẹ́ ọ̀kan lára ìdí rẹ̀. Ó wọ́n kéré sí kíkọ́ yàrá ńláńlá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdí tó jinlẹ̀ jù ni pé Lambo ti rí ohun tí àhámọ́ ń ṣe fún ènìyàn. Ẹni tó bá lo ọdún méjì láàárín ògiri, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un nínú abọ́ onípáànù, tí ẹnikẹ́ni kì í kí, tí kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò gbàgbé bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú. Nígbà tí àìsàn àkọ́kọ́ bá lọ, àìsàn kejì á ti dé. Àwọn ará ilé rẹ̀ náà á ti gbàgbé bí a ṣe ń bá a gbé, wọ́n á sì máa bẹ̀rù rẹ̀. Ní Aró, ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn ń rí ìyípadà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó mọ̀gbà tí oorun rẹ̀ padà sípò, ó mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oúnjẹ. Bí wọ́n bá padà délé, ẹlẹ́rìí kan ti wà tí yóò sọ fún ẹbí pé ara rẹ̀ ti yá ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, kí n sọ ohun tó jẹ mọ́ kọ́ọ̀sì wa. Gbogbo wa la ti gbọ́ orúkọ B. F. Skinner, ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard tó fi ẹyẹlé àti eku ṣe ìwádìí nínú àpótí. Skinner sọ pé bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀dá fi ń hùwà kan, kí a má wulẹ̀ máa wá a nínú ọkàn tí a kò lè rí, kí a wo àyíká rẹ̀ àti ohun tó ń tẹ̀ lé ìwà náà. Ní 1957 ó gbé ìwé jáde pé èdè náà kò yàtọ̀. Ní 1959 Chomsky dá a lóhùn, ìdáhùn yẹn sì wà lára ohun tó sọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè di bó ṣe rí lónìí. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé Skinner jẹbi, a sì ti pa ìwé rẹ̀ dé. Ní àwọn ọdún kan náà gan-an, Lambo ń ṣiṣẹ́ lórí ìwà ẹ̀dá ní Aró. Kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Skinner, dókítà ni, ó sì gbà pé àìsàn wà nínú ara àti nínú ọkàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àyíká wà lọ́wọ́ òun náà. Skinner gbé ẹyẹ wọ inú àpótí kí ó lè rí ìwà rẹ̀ dáadáa. Lambo ní tirẹ̀ mú ènìyàn jáde kúrò nínú àpótí nítorí pé, lójú tirẹ̀, ìwà tí ẹ̀dá bá hù nínú àhámọ́, ìwà àhámọ́ ni.

Ohun mìíràn tó mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọminú ni pé ó fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ó mọ̀ pé kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ òun, ó ti dé ọ̀dọ̀ babaláwo tàbí oníṣègùn, àti pé bí ó bá kúrò lọ́dọ̀ òun, ó ṣeé ṣe kí ó tún padà síbẹ̀. Dípò kí ó máa bú wọn, ó pè wọ́n kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Wọ́n ń bójú tó àwọn aláìsàn láwùjọ abúlé, wọ́n sì ń ṣàlàyé fún un ohun tí àlá kan tàbí ìbẹ̀rù kan túmọ̀ sí fún ẹni tó wá láti agbolé báyìí. Kò fi wọ́n rọ́pò oògùn òyìnbó. Kò sì sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ló dára, nítorí a mọ̀ pé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Ìmọ̀ wọn nípa ènìyàn ni ó ń wá.

Ní ti ìwádìí, Lambo kò fi Carothers sílẹ̀ láìdáhùn. Ní 1955 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ipa tí àṣà ń kó nínú irú wèrè kan láàárín àwọn Yorùbá, èyí tí aláìsàn fi máa ń rò pé àwọn kan ń lépa òun. Ó fi àwọn tó dàgbà ní abúlé láìkàwé wé àwọn tó ti lọ sí ilé ìwé tí wọ́n sì ti mọ ojú òyìnbó. Àìsàn náà kò farahàn bákan náà lára wọn. Ti àwọn tó kàwé sún mọ́ èyí tí wọ́n ń rí ní ilẹ̀ òyìnbó. Bí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ ọmọ Áfíríkà ló yàtọ̀ láti ọ̀run wá, báwo ni ilé ìwé yóò ṣe yí àìsàn rẹ̀ padà? Ohun tí ènìyàn gbé dàgbà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti bẹ̀rù, ni àìsàn rẹ̀ ń fi sọ̀rọ̀. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960 bákan náà, ó ṣèwádìí nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ọpọlọ wọn dàrú nílùú òyìnbó, níbi tí òtútù, ìdánìkanwà, ìdánwò àti ojú tí ilé ń retí wọn fi ti pàdé pọ̀ lórí wọn.

Oṣù kọkànlá ọdún 1961 ni àwọn dókítà ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lambo ló gbà wọ́n lálejò. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ olùwádìí kan láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton jẹ́ olórí wọn, dé láti bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Stirling ní Kánádà, wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ wà láàárín Yorùbá. Wọ́n wọ àwọn abúlé tó wà ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n wọ inú ìlú náà, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè nípa oorun wọn, ìdùnnú wọn, ìbẹ̀rù wọn àti agbára wọn láti ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ibí ni kí ẹ ti tẹ́tí. Gbogbo ìwé ìbéèrè náà ni wọ́n ní láti gbé wá sí èdè Yorùbá. Báwo ni ẹ ó ṣe bi ìyá kan ní abúlé bóyá ó ní àárẹ̀ ọkàn tí àwọn dókítà ń pè ní depression? Kò sí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tó bá a mu. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ìbéèrè náà láìronú, tí kò rí orúkọ, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé Yorùbá kò ní àìsàn náà. Ohun tí Lambo àti Leighton ṣe ni pé wọ́n béèrè nípa àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé o máa ń sùn, ṣé oúnjẹ ń wù ọ́ jẹ, ṣé iṣẹ́ kì í sú ọ, ṣé ẹkún kì í gbọ̀n ọ́. Àwọn ènìyàn dá wọn lóhùn kíákíá. Wọ́n mọ àwọn àmì náà dáadáa, kò kàn sí orúkọ kan tó kó gbogbo wọn pọ̀ ni. Ìwé tó jáde nínú ìwádìí náà ní 1963 fi hàn pé àwọn àmì àìsàn tó wà láàárín Yorùbá jọ ti àwọn ará Kánádà gan-an, àti pé abúlé tí ìṣọ̀kan rẹ̀ ti túká ni àìsàn ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ Carothers wó lulẹ̀.

Jane Murphy, ọ̀kan lára àwọn olùwádìí náà, tún padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní 1976 nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Ní ìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ wèrè, pé orúkọ lásán ni àwùjọ ń fi kan ẹni tí wọn kò fẹ́. Murphy mú ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, wèrè, jáde. Ó fi hàn pé Yorùbá, tí kò gba orúkọ náà lọ́wọ́ òyìnbó kankan, mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó sì ní àwọn àmì pàtó tó fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu àwọn àgbà abúlé Ẹ̀gbá di ẹ̀rí nínú àríyànjiyàn gbogbo ayé. Bí ẹnì kan bá tún bi yín pé kí ni kíkó ọ̀rọ̀ jọ láti ẹnu àgbà wúlò fún, ẹ sọ èyí fún un.

Ní 1963 Lambo kúrò ní Aró lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka ìmọ̀ àìsàn ọpọlọ. Tolani Asuni ló gba Aró lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbàdàn tún di ọ̀kan lára ibùdó 9 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lò fún ìwádìí ńlá lórí àìsàn tí wọ́n ń pè ní schizophrenia. Àwọn yòókù ni Aarhus, Agra, Cali, London, Moscow, Prague, Taipei àti Washington. Aláìsàn tó lé ní 1,200 ni wọ́n tọpa. Nígbà tí wọ́n padà wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ti Ìbàdàn àti Agra wà lára àwọn tí ara wọn yá jù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn títí dòní lórí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé ní abúlé Aró yóò ti ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ èrò rẹ̀.

Ibi kan wà nínú ìtàn yìí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fò kọjá. Ní 1968 Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ibùgbé wọn. Ọlọ́pàá wọ inú ọgbà. Ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ìbọn wọn ba akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kunle Adepeju, ó sì kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀ràn náà. Títí di òní, orúkọ Adepeju ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. N kò kọ èyí láti fi ba orúkọ òkú jẹ́. Mo kọ ọ́ nítorí pé ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó mọ bí a ṣe ń mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú jáde kúrò láàárín ògiri àti ẹ̀ṣọ́, abẹ́ ìṣàkóso rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ olóhun ìjà ti wọ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ọgbọ́n tí ènìyàn ní lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà tẹ̀ lé e dé orí àga ọlá.

Ọdún yẹn náà ló lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva gẹ́gẹ́ bí igbákejì fún ọ̀gá àgbà lórí àwọn ẹ̀ka kan, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà pátápátá ní 1973 lábẹ́ Halfdan Mahler. Ipò yìí ló wà títí di 1988. Ẹ rántí pé àjọ yìí kan náà ló tẹ ìwé Carothers jáde ní 1953. Nígbà tí Lambo wà níbẹ̀ ni àjọ náà gba ìpinnu ní 1977 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè má ta ìṣègùn ìbílẹ̀ nù, ìgbà tó wà níbẹ̀ náà sì ni ìpàdé Alma-Ata ti 1978 ké pe gbogbo ayé kí wọ́n gbé ìtọ́jú sún mọ́ ẹnu ọ̀nà aráàlú. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó ti fi yàrá háyà ní abúlé ṣe wọ́ọ̀dù ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Lambo kú ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2004, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó pé ẹni ọdún 81. Ilé ìwòsàn Aró ṣì wà, ó ti di ti ìjọba àpapọ̀, ó sì tóbi ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ètò abúlé náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ṣòro lóde òní kí ìbátan kan fi iṣẹ́ àti ọmọ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ó lọ máa dáná fún aláìsàn ní ìlú onílùú. Ohun tó kù sọ́wọ́ àwa ni orúkọ Aró, a sì ti sọ ọ́ di èébú.

Mo ti sọ pé mo ti fi Aró ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo sọ ọ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ni, a jọ wọlé ní ọdún kan náà. Ní ọdún kejì wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó, kì í sùn, ó ń sọ pé àwọn kan ń ka inú òun. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kó ẹrù wọn jáde. Èmi sọ ọ̀rọ̀ Aró, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí rẹ̀ wá mú un lọ lọ́jọ́ kan, kò sì sí ẹni tó tẹ̀ lé wọn dé géètì nínú wa.

Ọjọ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ màmá àgbà ní Ọ̀fà ni mo pe nọ́ńbà rẹ̀. Ó gbé e. Ó ní òun ń gba oògùn, òun ń bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, òun sì ń rò ó bóyá wọ́n lè jẹ́ kí òun padà wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ó bi mí léèrè nípa gbogbo yín, ó dárúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. A ti ń pe ara wa ní ọjọ́ Sátidé báyìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ Lambo yìí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ sínú ìdánwò. Bí ẹnìkan bá ń ṣe bákan nínú wa, kí a má sá fún un. Kí ẹnì kan tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹnì kan gbé oúnjẹ fún un, kí ẹnì kan jókòó tì í. Bí ó bá sì lọ, kí a pè é. Iṣẹ́ tí màmá àgbà ṣe ní Aró nìyẹn, wọn kò sì ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣe.